Ibo ló yẹ kí n ti dúró? Àkùárẹ́ẹ̀lì, osùn àti aṣọ ìyá àgbà mi

ọmọ_Àkàbà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará, ẹ sì kú ọyẹ́ yìí náà. Ọmọ Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mí, Porto-Novo ni mo wà báyìí, iṣẹ́ àwòrán ni mò ń kọ́, ọdún kejì mi rèé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo bi àwọn tá a jọ wà ní kíláàsì, wọ́n ní kí n má da ara mi láàmú, ṣùgbọ́n ó ń dà mí láàmú, mo wá ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé kì í ṣe ayàwòrán nìkan ló wà níbí, àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ lóríṣiríṣi pọ̀.

Bó ṣe rí nìyí. Wọ́n ní kí kálukú wa ṣe iṣẹ́ mẹ́rin, ká sì kọ ojú ìwé méjì nípa bá a ṣe ṣe é àti nǹkan tá a rí nínú ẹ̀. Mo fi àkùárẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọ̀dà omi, nìkan ṣe méjì, mo ṣe méjì tó kù ní àdàpọ̀, ìyẹn ni pé ọ̀dà wà níbẹ̀, aṣọ wà níbẹ̀, ìwé ìròyìn wà níbẹ̀, osùn, ẹfun, tàdáà, gbogbo ẹ̀ lórí ìwé kan ṣoṣo. Nínú àwọn àkùárẹ́ẹ̀lì méjì yẹn, ọ̀kan ni ọ̀sà láàárọ̀ kùtù, mo dúró sórí afárá wò ó, ìkùukùu ò jẹ́ kéèyàn mọ ibi tí omi parí sí tí sánmà ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi méjì péré ló hàn. Ìkejì ni Àkàbà Ìdẹ́nà, ibodè ìlú àtijọ́ nílé wa ní Kétu, amọ̀ pupa yẹn àti òkùnkùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Àwọn méjèèjì yẹn ò fún mi ní wàhálà. Nǹkan tí mo fẹ́ràn nínú àkùárẹ́ẹ̀lì ni pé kì í ní funfun, ìwé fúnra ẹ̀ ni funfun, ibi tó o bá fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wà ńṣe lo máa fi í sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, tó o bá ti kùn ún pẹ́nrẹ́n ó ti lọ nìyẹn. Mo fẹ́ràn ìbẹ̀rù tó wà nínú ẹ̀.

Ìkẹta lọ̀rọ̀ wà. Ìyá àgbà mi ni mo yà. Wọ́n kú lọ́dún tó kọjá. Mo kọ́kọ́ fi àkùárẹ́ẹ̀lì ya ojú wọn, mo ṣe é ní ọ̀sán kan láìdìde, iwájú orí jáde, imú jáde, ilà ojú wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde bí mo ṣe fẹ́ ẹ. Ó wá ku ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ọ̀dà ibẹ̀ ti ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì tó ṣì gba omi sára kàn án, omi tì í sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀, ó ṣe rìbìtì kan tó ní etí wúruwùru bí etí ewé, gbogbo àwọ̀ sá lọ sí etí ẹ̀, àárín ẹ̀ funfun báláú. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò dúró kó gbẹ tán, mo lọ mú aṣọ aró tí wọ́n máa ń wọ̀, èyí tí wọ́n gé fún mi nínú ẹ̀, mo fi lẹ́ẹ̀dì, nǹkan tá a fi ń lẹ nǹkan, lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo apá òsì ojú wọn, bí ẹni fi gèlè bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo wá ń fi nǹkan kún un, osùn sí etí aṣọ, ẹfun sí ọrùn, ìwé ìròyìn sí ẹ̀yìn, tàdáà dúdú yí gbogbo ẹ̀ ká. Nígbà tí mo fi máa dìde ó ti kún fọ́fọ́.

Olùkọ́ wa wò ó títí. Kò bú mi. Ó kàn fọwọ́ kan aṣọ yẹn, ó ní, kí ló wà lábẹ́ ibí? Mi ò rí ìdáhùn fún un. Torí òótọ́ ibẹ̀ ni pé àṣìṣe ló wà lábẹ́ ẹ̀, mo fi aṣọ ìyá àgbà mi bo àṣìṣe, ọ̀rọ̀ yẹn ò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa mọ́.

Ìbéèrè mi ni pé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ẹ̀, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń fi kún iṣẹ́, iṣẹ́ ló ń bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ yín, pé kì í ṣe ẹ̀rù ló ń tì yín? Ṣé ó sì ṣeé ṣe kí n ṣí aṣọ yẹn kúrò láìba ojú wọn jẹ́? Wọ́n fẹ́ kọ́ iṣẹ́ wa sí ara ògiri lọ́sẹ̀ méjì sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

---

Ayàwòrán_Ṣábẹ̀ẹ́

O kú iṣẹ́, àbúrò. Kí Ọlọ́run tẹ́ mama sí afẹ́fẹ́ rere.

Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní yíyàwòrán níbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ ó ti lé lógún ọdún, kí n tó dáhùn èyí tó wúwo níbẹ̀ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀dà ná. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn kì í ṣe pé ọwọ́ ẹ ò dáa, ọyẹ́ ni. Lásìkò yìí ọ̀dà ń gbẹ lójú ìwé kó o tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ omi padà, apá kan á ṣì tutù, apá kejì á ti ń gbẹ, tí omi tuntun bá wá bọ́ sáàárín wọn ó máa tì èyí tó wà níbẹ̀ sẹ́yìn, ibi tí ìtì yẹn bá dúró sí ni etí wúruwùru yẹn máa wà. Lóṣù kẹfà tí òjò ń rọ̀ o ò ní rí i bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn ńṣe lo máa jókòó títí kó tó gbẹ. Tó bá jẹ́ ọyẹ́, mo máa ń fi kànrìnkàn rin ẹ̀yìn ìwé kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí pákó, mo fi síkọ́ọ̀ṣì, téèpù tó ń lẹ̀, èyí tó gbòòrò, lẹ etí ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀, mo sì máa ń ṣe é láàárọ̀ kí oòrùn tó le. Àwọn òkúta ńláńlá ìlú wa yìí ni mo fi kọ́ ọ. Tó o bá jókòó síwájú òkè wọ̀nyẹn ní aago méjìlá ọ̀sán nínú ọyẹ́, ìdajì òkúta kan lo máa kùn tí ìdajì yòókù á ti di nǹkan míì.

Ìwé wo lo lò? Tí kì í bá ṣe 300 gíráàmù, èyí tó nípọn yẹn, aṣọ tó o lẹ̀ mọ́ ọn á ti fà á, ó máa ká bí ewé tó wà lóòrùn. Lẹ́ẹ̀dì máa ń sún kì tó bá ń gbẹ, aṣọ náà ń sún kì, ìwé nìkan ló máa fara gbá a.

Ní ti pé ṣé iṣẹ́ ló ń bèèrè àbí ẹ̀rù, jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí fún mi. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ló ń bèèrè, mo máa ń mọ ibi tí nǹkan náà máa wà kí n tó dìde lọ mú un. Tó bá jẹ́ ẹ̀rù, màá ti mú nǹkan náà lọ́wọ́, màá wá máa wá ibi tí màá fi í sí. Wo osùn yẹn àti ẹfun yẹn àti ìwé ìròyìn yẹn, bi ara ẹ, èwo lo mọ ibi tó ń lọ kó o tó mú un?

Má tíì ṣí aṣọ o. Sọ fún mi ná, ṣé lẹ́ẹ̀dì tá a fi omi gbígbóná rò ni àbí kóòlù, gọ́ọ̀mù funfun inú ike? Ìdáhùn méjèèjì ò jọra rárá.

---

Wàǹdó_229

Ẹ̀gbọ́n Ṣábẹ̀ẹ́, mo gbọ́ tiyín lórí ọ̀dà, mo sì ti kọ ti kànrìnkàn yẹn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn pé kó tiẹ̀ máa ronú láti ṣí aṣọ yẹn.

Ọ̀rẹ́ mi, èmi náà ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ ni mí, irin àti ike ni mò ń lò, kì í ṣe ọ̀dà omi. Wò ó, Porto-Novo tá a wà yìí ni wọ́n ti bí Romuald Hazoumè ní 1962, kẹ́ẹ̀gì epo ni ọkùnrin yẹn fi ń ṣe ojú èèyàn, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń gbé epo kpayo, epo fàyàwọ́ yẹn, láti Nàìjíríà, tí wọ́n ti fi iná yọ́ kó lè fẹ̀ kó gba epo sí i. Nígbà tó ṣe La Bouche du Roi, kẹ́ẹ̀gì 304 ló tò bí àwọn èèyàn ṣe tò nínú ọkọ̀ ẹrú, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum rà á ní 2007. Kò kùn wọ́n kí wọ́n lè dà bí nǹkan míì. Ìlò tí wọ́n ti lo kẹ́ẹ̀gì yẹn, yíyọ́ tó yọ́, òórùn epo tó wà nínú ẹ̀, òun ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Aṣọ ìyá àgbà ẹ náà bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti wọ̀ ọ́, wọ́n ti fọ̀ ọ́, oòrùn ti pa á, wọ́n ti fi í pọnmọ. Nǹkan tí ọ̀dà ò lè sọ, ó ti sọ ọ́ kó o tó fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ Kétu mà ni ẹ́, o mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jù mí lọ. Ọkùnrin ló ń jó o, aṣọ àwọn obìnrin ilé ló yá wọ̀, gèlè àti ìró àti ọ̀já, wọ́n dì í mọ́ ọn lára títí ẹnikẹ́ni ò fi ní mọ̀ ọ́n mọ́. Ṣé torí pé ara ẹ̀ ní àbùkù ni wọ́n ṣe bò ó? Aṣọ tó bò ó gan-an ló ń jẹ́ ká rí àwọn ìyá. Tí olùkọ́ yẹn bá tún bi ẹ́ pé kí ló wà lábẹ́ ẹ̀, sọ fún un pé ìyá àgbà mi ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ó parí.

Ní kíláàsì wọ́n á sọ fún wa pé ní 1912 ni Picasso lẹ aṣọ onírọ́bà mọ́ àwòrán fún ìgbà àkọ́kọ́, pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ lílẹ nǹkan mọ́ nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n èmi ti ń wo ẹ̀kú Egúngún ládùúgbò wa láti kékeré, aṣọ lórí aṣọ lórí aṣọ, ọdọọdún ni wọ́n ń rán tuntun mọ́ ọn, ti àtijọ́ ṣì wà nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń tú u.

---

Aláró_Kétu

Ọmọ mi, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Mo ka ọ̀rọ̀ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ò mọ ìwé àwòrán, aró ni mò ń rẹ, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ bi ẹ́, aṣọ ìyá àgbà ẹ tó o gé yẹn, ta ló fún ẹ láṣẹ? O ní wọ́n gé fún ẹ, ta ló gé e? Má bínú o, mo ní láti bi ẹ́, torí aṣọ olóògbé kì í ṣe nǹkan tí ọmọdé ń dá gé.

Ìkejì, ṣé o fọ aṣọ yẹn kó o tó lẹ̀ ẹ́? Aṣọ aró, bó ti wù kó pẹ́ tó, tó bá ń tutù ó ṣì lè fi aró sí nǹkan tó bá fara kan. Ṣé o mọ bí aró ṣe ń wọ aṣọ? Nígbà tó o bá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló ní, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù lójú ẹ, o ní láti rì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó o fẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́, kó o tún rì í, ìgbà púpọ̀, kó tó dúdú bí èyí táwọn àgbà ń fẹ́. Èyí tó wọnú òwú dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kàn jókòó sórí ẹ̀ ń wá ibi tó máa lọ. Ìdí nìyẹn tí aṣọ tuntun fi ń ràn mọ́ ara. Ojú mama lábẹ́ ibẹ̀ yẹn, tó bá jẹ́ pé o fi lẹ́ẹ̀dì tútù lẹ̀ ẹ́, aró á ti dé ibẹ̀.

Ti osùn wá ńkọ́? Ṣé omi lásán lo fi pò ó? Tó bá jẹ́ omi lásán ni, tó bá gbẹ tán fi ìka kàn án, wàá rí i lọ́wọ́ ẹ. Osùn ò ní nǹkan tó máa dì í mú. Àwa máa ń fi òróró pò ó tá a bá fẹ́ fi para, ṣùgbọ́n òróró á ba ìwé ẹ jẹ́. Àti pé oòrùn ń pa osùn, má gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ń wọlé sí.

Ọmọ tó sọ̀rọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yẹn sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, tí ijó bá parí, ọmọkùnrin yẹn á tú aṣọ yẹn, á fọ̀ ọ́, á dá a padà fún ìyá tó ni ín.

---

ọmọ_Àkàbà

Mo kí gbogbo yín, ẹ ṣeun gan-an, mo ka gbogbo ẹ̀ lórí zẹ́mì, ọ̀kadà wa níbí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ibi tí mò ń lọ.

Ìyá mi aláró, ẹ má rò pé inú bí mi, ó dùn mọ́ mi pé ẹ bi mí. Màmá mi ló gé e fúnra wọn. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ ya ìyá àgbà, wọ́n wọ yàrá, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n gbé aṣọ yẹn jáde, wọ́n fi sí ojú fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá fi àlùmọ́gàjí gé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì ní etí ẹ̀, wọ́n ní kí n má gbàgbé pé apá ibi tí wọ́n máa ń so ọmọ mọ́ ni. Mi ò fọ̀ ọ́. Òórùn wọn ṣì wà níbẹ̀, mi ò lè fọ̀ ọ́.

Osùn, omi lásán ni mo fi pò ó. Mo fìka kàn án báyìí bẹ́ ẹ ṣe sọ, ó wá sọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi Ṣábẹ̀ẹ́, lẹ́ẹ̀dì ni, ti gbágùúdá, èmi ni mo fi omi gbígbóná rò ó nílé, kì í ṣe ti ike. Ìwé náà 300 ni, àmọ́ apá òsì ti ká díẹ̀ lóòótọ́. Ìbéèrè tẹ́ ẹ bi mí yẹn, pé èwo ni mo mọ ibi tó ń lọ kí n tó mú un. Mo jókòó síwájú iṣẹ́ yẹn mo sì bi ara mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹfun ọrùn, mo mọ̀, torí wọ́n máa ń kun àtíkè sọ́rùn tí wọ́n bá ń lọ ọjà, mo ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé ó máa wà níbẹ̀. Osùn, mi ò mọ̀, mo kàn fẹ́ pupa. Ìwé ìròyìn, rárá, torí gbogbo èèyàn ní kíláàsì ló ń lẹ ìwé ìròyìn ni, ìyá àgbà mi ò sì ka ìwé ìròyìn rí láyé wọn. Aṣọ, mo mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ, ibi tí mo fi í sí ni kò yé mi.

Wàǹdó, ọ̀rọ̀ ẹ wọ̀ mí lára gan-an, ti ẹ̀kú yẹn pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán aṣọ tuntun mọ́ ẹ̀kú ò ṣe é torí pé ó fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má rí ti àtijọ́. Èmi fẹ́ kí wọ́n má rí i. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀.

---

Ayàwòrán_Ṣábẹ̀ẹ́

Tó bá jẹ́ lẹ́ẹ̀dì gbágùúdá, ọ̀nà wà. Omi la fi rò ó, omi náà ló máa tú u. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé oje igi ló di àkùárẹ́ẹ̀lì náà mú, gọ́ọ̀mù àrábíìkì, omi máa ń tú òun náà. Tó o bá da omi sí i, aṣọ á ṣí, ojú á sì bá a lọ. Nítorí náà má da omi. Mú ìwé tó ń fa omi, tàbí aṣọ òwú funfun tó mọ́, rin ín, fún un dáadáa títí tí ò ní kán mọ́, tẹ́ ẹ sórí aṣọ aró yẹn nìkan, gbé gíláàsì lé e, fi sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wá fi ọ̀bẹ tí ò mú gbé igun kan wò. Tí kò bá fẹ́ wá, má fà á, tún un ṣe. Má bẹ̀rẹ̀ láti ibi ojú o, bẹ̀rẹ̀ láti ìta.

Kó o tó ṣe é rárá, ṣe àpẹẹrẹ sórí ìwé míì, kun àwọn àwọ̀ kan náà, jẹ́ kó gbẹ, lẹ aṣọ mọ́ ọn, jẹ́ kó gbẹ, wá ṣí i. Àwọ̀ kan wà tó máa ń wọnú ìwé lọ, kò ní kúrò mọ́, òmíràn sì wà tó kàn jókòó sórí ìwé, òun ni omi máa gbé. Amọ̀ pupa àti àwọ̀ ilẹ̀ máa ń jókòó sórí ìwé ni. Ojú mama, mo gbà pé àwọ̀ ilẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀.

Osùn yẹn, ra gọ́ọ̀mù àrábíìkì díẹ̀, àwọn Háúsá tó ń ta turari àti èròjà lọ́jà máa ní in, rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, sẹ́ ẹ, fi pò ó, kán oyin díẹ̀ sí i kó má bàa sán. Bí àwọn tó ń ṣe àkùárẹ́ẹ̀lì ṣe ń ṣe é náà nìyẹn. Nǹkan tó wà nínú ike kékeré tá à ń rà lówó gọbọi yẹn, ilẹ̀ tàbí àwọ̀ lílọ̀, oje igi àti oyin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹfun ọrùn náà, ṣe é bẹ́ẹ̀.

Wàǹdó, mi ò ní kó ju aṣọ nù o. Mo ní kó wo nǹkan tó bò. Lẹ́yìn náà tó bá fẹ́ bò ó padà, kó bò ó.

---

Wàǹdó_229

Ó yé mi ẹ̀gbọ́n. Mo gbà.

Tó o bá fẹ́ ẹni tó máa bá ẹ di gíláàsì mú, sọ, mo wà nítòsí.

---

ọmọ_Àkàbà

Ẹ káàárọ̀ o. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tí mo ti wá síbí gbẹ̀yìn, ẹ forí jì mí.

Àpẹẹrẹ mẹ́ta ni mo ṣe kí n tó láyà láti fọwọ́ kàn án. Àkọ́kọ́ bàjẹ́, mo jẹ́ kí aṣọ òwú yẹn tutù jù, àwọ̀ wá sókè pẹ̀lú ẹ̀ bí awọ ara. Ìkejì dáa díẹ̀. Ìkẹta, mi ò lo ju ìṣẹ́jú méje lọ, ó ṣí wẹ́rẹ́. Ọjọ́bọ̀ alẹ́ ni mo wá ṣe ti gidi, Wàǹdó wá lóòótọ́, òun ló di gíláàsì mú tó sì ń ka aago, a ò sọ̀rọ̀ rárá, mo gbọ́ bí mo ṣe ń mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi etí wọn. Lẹ́ẹ̀dì ń fà bí ilá tó ti ń gbẹ, mo ń gé e díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Nígbà tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mo dúró, mo ní kí Wàǹdó gbé iná fóònù súnmọ́ ọn.

Ìyá mi aláró, ẹ sọ òótọ́. Aró ti wọlé. Ṣùgbọ́n kò wọlé bí mo ṣe rò. Rìbìtì tí mo bẹ̀rù yẹn ṣì wà níbẹ̀, àárín ẹ̀ ṣì funfun, àmọ́ lórí funfun yẹn ni aṣọ ti tẹ ara ẹ̀ sí, òwú lókọ̀ọ̀kan, tínrín tínrín, òòró àti ìbú, búlúù tó rọ̀ gan-an, bí ìgbà tẹ́nì kan bá sùn sórí ẹní tí ẹní wá fi ara ẹ̀ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Ibi tí ìyá àgbà mi máa ń gbé ojú lé tí wọ́n bá ń sùn lọ́sàn-án, aṣọ yẹn náà ni wọ́n máa ń ká sábẹ́ orí. Mo ti rí àpá yẹn lára wọn àìmọye ìgbà, tí wọ́n bá jí lójú oorun, apá òsì. Mi ò rántí ẹ̀ títí mo fi rí i lórí ìwé yẹn.

Rìbìtì yẹn náà, nísinsìnyí tó ti gbẹ tán pátápátá, ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti máa ń yọ síta tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín ló wà gẹ́lẹ́. Tí mo bá ti dúró ní wákàtí kan lọ́jọ́ yẹn, màá ti rí i.

Mi ò ṣí aṣọ kúrò tán. Mo dá ọwọ́ dúró ní ìdajì, mo ṣẹ́ ẹ po sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń ká gèlè sókè kúrò létí tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, mo fi òwú rán an mọ́ ìwé níbi mẹ́ta dípò lẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá hàn sí gbangba. Ìwé ìròyìn ti lọ, mo gé gbogbo ibi tó wà kúrò, iṣẹ́ náà wá kéré sí i. Osùn, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n kúrò, ó ku àwọ̀ ráńpẹ́ tó ti wọnú aṣọ, mo fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹfun ni mo tún fi gọ́ọ̀mù àti oyin ṣe, ó dì mú báyìí, mo ti fìka kàn án.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ojú ìwé méjì yẹn. Faransé ni wọ́n ní ká fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Yorùbá kí n lè mọ nǹkan tí mo fẹ́ sọ, ó sì yà mí lẹ́nu pé mo kọ ojú ìwé mẹ́rin. Mo kọ nípa ọ̀sà àti Àkàbà ní ìlà mẹ́fà, torí kò sí nǹkan púpọ̀ tí wọ́n kọ́ mi, wọ́n jáde dáadáa lọ́jọ́ tí mo ṣe wọ́n, ó parí. Ìkẹrin, èyí tí mo fi ìwé ìròyìn àti ọ̀pá raffia ṣe, mo kọ pé mi ò tíì mọ ìdí tí mo fi ṣe é, pé màá padà sí i. Gbogbo ìyókù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni.

Olùkọ́ wa ti rí i lánàá. Ó tún fọwọ́ kan ibi aṣọ yẹn, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó fà àga, ó jókòó síwájú ẹ̀.

---

Aláró_Kétu

Ọmọ mi, ọmọ mi obìnrin ka èyí fún mi, mo ní kó tún un kà. Kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ ẹ.

Aró tó ti wọ ìwé yẹn kò ní tètè lọ, má fòyà, aró máa ń pẹ́. Kàn má jẹ́ kí oòrùn máa gún un lójú. Lẹ́ẹ̀dì tó kù lára aṣọ náà, nu ún kúrò, aáyán fẹ́ràn ẹ̀, á jẹ aṣọ mọ́ ọn.

Ṣé màmá ẹ ti rí i?

---

Ayàwòrán_Ṣábẹ̀ẹ́

O ṣe é. Òwú tó o fi rán an yẹn dáa ju gbogbo lẹ́ẹ̀dì lọ, aṣọ á lè mí, ìwé ò ní ká mọ́. Fi fọ́tò ẹ̀ síbí tí wọ́n bá ti kọ́ ọ tán, mo fẹ́ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn han àwọn ọmọ tí mò ń kọ́, torí ìbẹ̀rù kan náà ló ń ṣe wọ́n.

---

ọmọ_Àkàbà

Màá fi fọ́tò ẹ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n.

Ìyá mi, wọn ò tíì rí i. Wọ́n kàn gbọ́ lórí fóònù pé mo ti ṣí ìdajì aṣọ, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní ṣé mo ṣì ní èyí tó kù lọ́wọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Tí wọ́n bá ti sọ iṣẹ́ wa kalẹ̀ lára ògiri, màá gbé e wá sí Kétu lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ti ra kàtọ́ọ̀nù méjì tí màá fi há a láàárín nínú takisí, èyí tó kù nínú aṣọ náà máa wà nínú ìwé funfun lápò mi, màá dá a padà fún wọn.